Oníbodè Lomé

Láyé àtijọ́, kò sí oníṣòwò ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ oníbodè. Ọba wà láàfin, ọ̀pọ̀ àlejò ò sì ní fojú kàn án títí wọn á fi padà sílé. Oníbodè ní tirẹ̀ wà lẹ́nu odi ìlú, ó jókòó sábẹ́ àtíbàbà, ó ń ka ẹrù orí alárùú. Ẹni tó gbé iyọ̀ san, ẹni tó gbé aṣọ òkè san, ẹni tó fa ewúrẹ́ lọ́wọ́ náà san. Ohun kan wà tí a kì í sábà rántí nípa rẹ̀: òun náà ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn. Ẹni tó ti Ìlọrin bọ̀ àti ẹni tó ti Èkó bọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n á ti sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n á mumi, wọ́n á sọ ohun tójú wọn rí lọ́nà. Kí ọ̀rọ̀ tó dé ààfin, oníbodè ti mọ èyí tí òun máa jẹ́ kó wọlé àti èyí tí òun máa gbé mì. Owó àti ìròyìn, ẹnu odi kan náà ni wọ́n ń gbà wọ ìlú.

Èbúté Lomé, ní orílẹ̀-èdè Tógò, ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀, ìtàn ibodè sì ni láti ìpìlẹ̀. Àwọn tó ń sá fún oníbodè ló tẹ ìlú náà dó. Gẹ̀ẹ́sì sọ Gold Coast di tirẹ̀ lọ́dún 1874, wọ́n gbé aṣọ́bodè sí Keta, wọ́n ń gba owó lórí ọtí jíìnì, tábà àti ẹ̀tù ìbọn. Àwọn oníṣòwò Anlo ní agbègbè náà ò fara mọ́ ọn. Wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n ń rìn lẹ́bàá òkun síhà ìlà-oòrùn títí wọ́n fi kọjá ibi tí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè dé, wọ́n sì pàgọ́ sórí iyanrìn lórí ilẹ̀ àwọn ará Bè. Nǹkan bí ọdún 1880 nìyẹn. Igi kan pọ̀ níbẹ̀ tí àwọn Ewe ń pè ní alo, ẹ̀ka rẹ̀ ni wọ́n ń run bí a ti ń run pákò. Àárín igi alo ni ìtumọ̀ orúkọ ìlú náà. Ìlú tó gba orúkọ lára ohun tí a fi ń fọ ẹnu ni ìlú tí ẹnu wá ṣòro láti là báyìí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n má tíì débẹ̀.

Àwọn ilé ìṣòwò Jámánì gbọ́ pé ọjà tí kò ní owó bodè ti wà, wọ́n tẹ̀ lé àwọn Anlo wá. Vietor ti Bremen wà lára wọn. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ na ọwọ́ bodè rẹ̀ dé ibẹ̀, àwọn oníṣòwò wọ̀nyí ké sí ìjọba wọn ní Berlin. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1884, Gustav Nachtigal gúnlẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ogun, ó bá àwọn aṣojú Ọba Mlapa Kẹta ti Togoville tọwọ́ bọ̀wé, ilẹ̀ náà sì di ti Jámánì. Bí wọ́n ṣe dá orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Tógò sílẹ̀ nìyẹn: oníṣòwò ló kọ́kọ́ dé, ìjọba ló rìn lẹ́yìn rẹ̀. Kò sì pẹ́ tí Jámánì náà fi gbé aṣọ́bodè tirẹ̀ kalẹ̀.

Lọ́dún 1897 Lomé di olú ìlú. Ìgbì òkun ibẹ̀ le. Ọkọ̀ ńlá kì í lè sún mọ́ etí omi, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni wọ́n fi ń kó ẹrù gba inú ìgbì kọjá, ọ̀pọ̀ àgbá epo sì ń dà sómi. Ní 1904 àwọn Jámánì parí wọ́ọ̀fù onírin kan tó nà jáde sínú òkun kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Reluwé gba orí rẹ̀ lọ tààrà dé inú ìlú. Ọ̀nà reluwé mẹ́ta ló sì ti inú ìlú jáde, orúkọ ohun tí wọ́n ń kó ni wọ́n sì fi pè wọ́n: ti àgbọn lọ sí Aného, ti kòkó lọ sí Kpalimé, ti òwú lọ sọ́nà Atakpamé, níbi tí àwọn ìbátan wa tó ń sọ èdè Ifẹ̀ wà títí dòní. Aného tó ti jẹ́ ìlú ọjà kí Lomé tó ní orúkọ rọ sẹ́yìn, nítorí gbogbo ẹrù ti ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ìjì ba wọ́ọ̀fù náà jẹ́ ní 1911, wọ́n tún un ṣe. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé gba Tógò lọ́wọ́ Jámánì ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914, Faransé sì kọ́ wọ́ọ̀fù tiwọn ní 1928. Ẹni tó bá gba etíkun kọjá láàárín ìlú lónìí ṣì lè rí òpó irin tó yọ orí láàárín omi bí eyín arúgbó.

Sylvanus Olympio, tó kọ́kọ́ jẹ ààrẹ Tógò, mọ ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ ńlá ju ọ̀pọ̀ olóṣèlú ìgbà rẹ̀ lọ, torí inú rẹ̀ ló ti jáde: ọ̀gá àgbà UAC ní Tógò ni kó tó di olóṣèlú. Àwọn tó dàgbà ní Èkó mọ UAC, kò sí ohun tí wọn kì í tà àti ohun tí wọn kì í rà. Ọ̀dọ̀ Jámánì ni Tógò ti rí owó yá láti fi kọ́ èbúté omi jíjìn. Wọ́n pa Olympio ní ọjọ́ 13 oṣù Kínní ọdún 1963 kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Èbúté tuntun náà ṣí ní 1968, ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú. Ọ̀gágun Eyadéma ti wà lórí àlééfà nígbà náà, ọdún 38 ló sì máa lò níbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ìbínú sí iléeṣẹ́ ńlá jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn alátakò nìkan, kó wo ọdún 1974. Iléeṣẹ́ kan tí owó Faransé pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń wa fọ́síféètì Tógò, láti wọ́ọ̀fù Kpémé ni wọ́n sì ń kó o lọ. Ní oṣù Kínní ọdún náà, Eyadéma kéde pé ìjọba máa gba ìpín 51 nínú ọgọ́rùn-ún. Láìpẹ́, ní ọjọ́ 24 oṣù náà, bàálù rẹ̀ já lulẹ̀ ní Sarakawa. Ó yè é. Ó ní àwọn olówó tí kò fẹ́ kí òun gba fọ́síféètì ló wà nídìí ẹ̀, ó padà sí Lomé bí ẹni tó ṣẹ́gun ikú, ó sì gba gbogbo iléeṣẹ́ náà pátápátá. Léraléra ni rédíò ìjọba ń ròyìn Sarakawa lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n kọ́ ilé ìrántí sí ibi tí bàálù ti já. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló lu ìlù náà tó sì jó o: iléeṣẹ́ àjèjì ni ọ̀tá, ààrẹ ni olùgbàlà. Ìlù yẹn dákẹ́ nígbà tó yá.

Ohun tó pa á lẹ́nu mọ́ kò ṣòro láti mọ̀. Owó fọ́síféètì wálẹ̀, gbèsè ga. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 1992, àwọn òṣìṣẹ́ dawọ́ iṣẹ́ dúró fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án nítorí ìjà òṣèlú. Èbúté dá páropáro, ẹrù tó ń lọ sí Niger àti Burkina Faso yà sí Kútọnu, àwọn ará Lomé sá lọ sí Gánà àti orílẹ̀-èdè Benin. Nígbà tí wọ́n fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò fi owó ara rẹ̀ tún èbúté ṣe, ìjọba kò ní agbára láti yan oníbodè tó wù ú. Ní 2001 wọ́n gbé iṣẹ́ kíkó ẹrù kọ̀ǹténà lé Progosa lọ́wọ́, iléeṣẹ́ ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Jacques Dupuydauby. Ní 2009 wọ́n lé òun náà dànù, ẹgbẹ́ Bolloré sì wọlé.

Bolloré gba ìyànnà díẹ̀. Ilé iṣẹ́ bébà ni ìdílé náà dá sílẹ̀ ní Brittany lọ́dún 1822, bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń wé sìgá àti irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ Bíbélì. Vincent Bolloré gbà á ní 1981 nígbà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ó ra àwọn iléeṣẹ́ ìkẹ́rù ilẹ̀ Faransé tó ti wà ní Áfíríkà láti ayé amúnisìn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí èbúté tó ń ṣàkóso fi tò láti Abidjan dé Douala dé Pointe-Noire. Lẹ́yìn ọdún 2000 ló tún na ọwọ́ sí ohun mìíràn: Havas.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí Havas, nítorí mi ò rò pé ẹnikẹ́ni lè lóye ọ̀rọ̀ Lomé láìmọ̀ ọ́n. Ní 1835 ni Charles-Louis Havas dá iléeṣẹ́ ìròyìn sílẹ̀ ní Paris, èyí tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé. Reuter tó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní London bá a ṣiṣẹ́ rí. Ìwé ìròyìn ìlú kéékèèké kò lówó láti ra ìròyìn. Havas ní kò burú: ẹ gba ìròyìn, kí ẹ fún mi ní àyè nínú ìwé yín, èmi á ta àyè náà fún àwọn tó fẹ́ polówó ọjà. Láti ìgbà náà, ọwọ́ tó ń gbé ìròyìn wá ló tún ń gbé ìpolówó wá. Ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n fi jọ wà bí ọkọ àti ìyàwó. Ogun Àgbáyé Kejì ló yà wọ́n: apá ìròyìn di AFP ní 1944, apá ìpolówó ṣì ń jẹ́ Havas. Apá yìí ni Bolloré rà wọ̀, ó jẹ alága rẹ̀ ní 2005, ọmọ rẹ̀ Yannick sì gbapò ìdarí rẹ̀ ní 2013. Lẹ́yìn náà ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Canal+ tún bọ́ sọ́wọ́ wọn nípasẹ̀ iléeṣẹ́ Vivendi.

Nítorí náà, nígbà tí ọdún 2010 pé, ẹni kan náà ló ń ṣe èbúté tó sì ń ṣe ìpolówó. Faure Gnassingbé, ọmọ Eyadéma, tó gorí àlééfà ní 2005 lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, ń múra ìdìbò ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 2010. Euro RSCG, tó wà lábẹ́ Havas, ló ń gbà á nímọ̀ràn lórí ìpolongo ìbò. Àwọn olùwádìí Faransé sọ pé iye iṣẹ́ náà jẹ́ 400,000 yúrò, pé olùdíje san 100,000, ẹ̀ka ìkẹ́rù ẹgbẹ́ Bolloré sì san 300,000 tó kù. Faure wọlé pẹ̀lú ìbò tó lé díẹ̀ ní ìpín 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Jean-Pierre Fabre tó ṣe ìkejì ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kó tó di pé ọdún náà lọ jìnnà, wọ́n ṣe àtúnṣe sí ìwé àdéhùn èbúté: iléeṣẹ́ Bolloré máa ṣàkóso fún ọdún 35, á kọ́ ibi ìgúnlẹ̀ kẹta, á sì rí ìdẹ̀kùn owó orí.

Mo ti ṣírò 300,000 yúrò yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí iye owó séfà kì í yí padà sí yúrò. Nǹkan bí mílíọ̀nù 197 séfà ni. Ní ojú ẹni tó ń ta aṣọ ní ọjà Assigamé, owó ńlá ni. Fún èbúté tó ń jẹ́ ẹnu ọ̀nà orílẹ̀-èdè kan tí àwọn mìíràn tí kò ní òkun tún ń gbà wọlé, pọ́ọ́kú ni. Ẹ̀gúnjẹ tí a mọ̀ ní Nàìjíríà máa ń wà nínú àpò Gáná-Must-Go, a máa ń fojú rí i, a sì máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Èyí kò ní àpò. Rìsíìtì ni, ọ̀rọ̀ ìpolówó ni, owó iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ kan gbà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kejì tí bàbá kan náà bí. Ẹni tó ń ka ẹrù lẹ́nu odi ló tún ń kọ́ ọba ní ọ̀rọ̀ tí yóò bá ìlú sọ.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2014 ni Faure àti Vincent Bolloré jọ ṣí ibi ìgúnlẹ̀ kẹta náà, mítà 450 ní gígùn. Oṣù yẹn kan náà ni ibùdó kọ̀ǹténà kejì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní LCT, tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun MSC àti àwọn ará Ṣáínà jọ ní. Omi ibẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ gìrìwò tí kò lè wọ Apapa lè gúnlẹ̀ níbẹ̀, kí àwọn kéékèèké wá pín ẹrù náà káàkiri etíkun. Ní ọdún 2019 kọ̀ǹténà tó gba Lomé kọjá lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Àwọn ajẹ́ńtì ní Èkó tí mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ Lomé ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ nípa aládùúgbò tó kọ́lé ju tiwọn lọ. Mi ò ní bá wọn jiyàn: iṣẹ́ ibẹ̀ yá, kírénì ibẹ̀ kì í sùn.

Àmọ́ iyanrìn etíkun wa máa ń rìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, ìgbì ló ń gbé e. Láti ìgbà tí wọ́n ti to òkúta èbúté sínú òkun láwọn ọdún 1960 ni iyanrìn ti ń dúró níhà Lomé, tí ìhà kejì ń fẹ́ ẹ kù. Láti Baguida lọ sí Aného, òkun ń jẹ ilẹ̀: ó jẹ ọ̀nà ọkọ̀, ó jẹ ilé, ó jẹ ọgbà àgbọn, ó gbé ibojì lọ. IFC, ẹ̀ka Báńkì Àgbáyé tó ń yá iléeṣẹ́ aládàáni lówó, wà lára àwọn tó yá LCT lówó. Ní 2015 àwọn ará etíkun kọ ẹ̀sùn lé IFC lórí sí CAO, ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí irú owó bẹ́ẹ̀ pa lára, ìwádìí tó jáde ní 2016 sì sọ pé IFC kò wo ọ̀rọ̀ òkun tó ń jẹ ilẹ̀ bó ti yẹ kó tó fọwọ́ sí iṣẹ́ náà. Apẹja tí ilé rẹ̀ ti wọ omi kò lè ṣe ju pé kó kọ̀wé sí Washington lọ. Ní Lomé fúnra rẹ̀, ta ni ì bá kọ̀wé sí?

Ìwé ìròyìn pọ̀ ní Lomé. Wọ́n tinrin, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń tà, àwọn èèyàn sì máa ń dúró ka àkọlé wọn lójú ọ̀nà láìra. Owó títà kò lè san owó ìtẹ̀wé, ìpolówó ló ń gbé wọn ró, àwọn tó sì ní ohun tí wọ́n ń polówó kò ju ìjọba, báńkì, iléeṣẹ́ tẹlifóònù, ilé ọtí bíà àti èbúté lọ. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Kì í ṣe Lomé nìkan ni. Ní Paris pàápàá, ìwé ìròyìn Le Monde sọ ọ́ jáde pé Havas kó ìpolówó kúrò lọ́wọ́ àwọn lẹ́yìn tí wọ́n gbé ìròyìn kan jáde ní 2014 nípa iṣẹ́ Bolloré ní Abidjan. Bí wọ́n bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí Le Monde, kí ni ìwé ìròyìn olójú ewé mẹ́jọ tó wà ní àdúgbò kan ní Lomé yóò ṣe?

Ti tẹlifíṣọ̀n tún wá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017 àwọn ará Tógò rọ́ sí ìgboro, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, ìdílé kan ti jẹ ọba fún àádọ́ta ọdún. Ìjọba pa íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kẹwàá, Canal+ ní Faransé fi ìròyìn kúkúrú kan hàn lórí ìwọ́de náà. Orúkọ rẹ̀, tí a bá ní ká sọ ọ́ ní Yorùbá, ni Fi Orí Ìtẹ́ Sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ìròyìn náà fi pòórá lórí ìkànnì ibi tí èèyàn ti lè tún un wò. Lẹ́yìn náà, ní oṣù Kejìlá, Canal+ fi fíìmù mìíràn hàn nípa Tógò, ìyìn ló kún inú rẹ̀. Àwọn akọ̀ròyìn Faransé ló tú àṣírí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣí CanalOlympia Godopé ní Lomé, gbọ̀ngàn sinimá Vivendi. Ẹni tó gba ọkọ̀ láti èbúté lọ wo fíìmù níbẹ̀ nígbà náà kò tíì jáde kúrò lọ́wọ́ ẹni kan náà.

Ìlú Paris ni ọ̀rọ̀ ti bú jáde. Àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ yẹ iléeṣẹ́ Bolloré wò ní 2016. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018 wọ́n pe Vincent Bolloré fúnra rẹ̀, wọ́n fi í sí àhámọ́ ọlọ́pàá láti bi í léèrè, wọ́n sì fi ẹ̀sùn kàn án lórí Lomé àti lórí Conakry ní Guinea. Apá tó kan ẹ̀gúnjẹ nínú ti Guinea bọ́ nítorí pé àkókò tí òfin dá fún un ti kọjá. Ti Lomé dúró. Òfin Faransé gbà kí iléeṣẹ́ bá olùpẹ̀jọ́ ìjọba ṣe àdéhùn: á san owó ìtanràn, wọn ò sì ní pè é ní ẹlẹ́bi. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 2021, iléeṣẹ́ Bolloré gbà láti san mílíọ̀nù 12 yúrò. Vincent Bolloré àti àwọn ọ̀gá méjì míì náà ti gbà láti jẹ́wọ́, kí kálukú san 375,000 yúrò kí ọ̀rọ̀ parí. Adájọ́ kọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà wúwo ju kí wọ́n fi owó pa á mọ́lẹ̀ lọ, kí wọ́n wá jẹ́jọ́ níwájú gbogbo ayé. Mo ka ìròyìn yẹn nígbà mẹ́ta. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí adájọ́ tí wọ́n gbé owó wá fún ní gbangba, pẹ̀lú ìwé, tó ní òun ò gbà.

Kí ni wọ́n ń kà ní Lomé lọ́sẹ̀ náà? Ìwé ìròyìn tí orúkọ rẹ̀ ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìwádìí níbẹ̀ ni L'Alternative, ti Ferdinand Ayité. Òun ló tú ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù jáde ní 2020, bí owó ṣe ń rá nínú ìgbìmọ̀ tó ń ra epo fún orílẹ̀-èdè, wọ́n sì gbé e lọ sílé ẹjọ́ fún un. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, HAAC, àjọ tó ń ṣàkóso ìwé ìròyìn àti rédíò ní Tógò, ti tì í pa fún oṣù méjì lẹ́yìn tí aṣojú ìjọba Faransé fẹjọ́ sùn lórí ohun tó kọ nípa ẹni tó ń gba ààrẹ Faransé nímọ̀ràn lórí Áfíríkà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2021 HAAC tún tì í pa, oṣù mẹ́rin lọ́tẹ̀ yìí, nítorí ohun tó kọ nípa mínísítà kan. Ọ̀rọ̀ mínísítà yẹn kò bá èbúté tan. Ṣùgbọ́n nígbà tí Paris ń dárúkọ Lomé nílé ẹjọ́, ilẹ̀kùn L'Alternative ti wà ní títì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ayité wọ ẹ̀wọ̀n fún ìgbà díẹ̀ ní ìparí ọdún náà. Joël Egah, ọ̀gá ìwé ìròyìn Fraternité tí wọ́n jọ kó, kú ní oṣù Kẹta ọdún 2022, kò pẹ́ tó jáde. Ní 2023 wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta fún Ayité nígbà tó ti sá kúrò nílùú. Ọdún yẹn ni CPJ, àjọ tó ń gbèjà àwọn akọ̀ròyìn, fún un ní àmì ẹ̀yẹ ní New York. Ẹ̀yìn odi ló ti lọ gbà á.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, Bolloré ta gbogbo èbúté Áfíríkà rẹ̀, ti Lomé pẹ̀lú, fún MSC ní bílíọ̀nù 5.7 yúrò. Orúkọ iléeṣẹ́ èbúté náà yí padà sí AGL ní oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e. Inú àwọn kan dùn ní Lomé, wọ́n ní ó ti lọ. Àmọ́ MSC yìí kan náà ló ní ìpín nínú LCT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Tẹ́lẹ̀, oníbodè méjì ló ń bá ara wọn du ẹrù. Ní báyìí, ibùdó kọ̀ǹténà méjèèjì ti di ti ìdílé Aponte tó ni MSC, tó wà ní Geneva, lápá kan tàbí lódidi. Ọ̀rọ̀ ibùdó méjì yìí sì kan owó tí ìyá aláṣọ Assigamé ń san lórí bélì kọ̀ọ̀kan ju ọ̀rọ̀ ìdìbò lọ.

Ẹjọ́ kò tán. Lọ́dún 2025 àwọn ẹgbẹ́ mọ́kànlá láti Tógò, Guinea, Gánà, Côte d'Ivoire àti Cameroon gbé ẹ̀sùn tuntun lọ bá olùpẹ̀jọ́ ní Paris, wọ́n ní kí wọ́n dá èrè èbúté wọ̀nyẹn padà fún àwọn tó ni ín. Lọ́dún náà ni adájọ́ ìwádìí pàṣẹ pé kí Vincent Bolloré wá jẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ Lomé, wọ́n sì dá a sí oṣù Kejìlá ọdún 2026. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ ń ta kò ó. Faure kì í ṣe olùjẹ́jọ́ níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ló bọ́ sípò tuntun tí òfin tuntun ṣẹ̀dá, olórí ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà, ipò tí kò ní iye ìgbà tí èèyàn lè jẹ ẹ́ mọ.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, Canal+, tí ẹgbẹ́ Bolloré ní ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, gba àkóso MultiChoice ti South Africa. MultiChoice ló ni DStv àti GOtv. Bí onílé kan ní Ìbàdàn ti ń san owó oṣù kó lè wo bọ́ọ̀lù àti Africa Magic Yorùbá náà ló ṣì ń san án, nọ́ńbà tó ń tẹ̀ sórí fóònù kò yí padà.